Láìnì Kẹrin

Aago mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Òtútù Regina ti fi ọgbọ̀n jìn sísàlẹ̀ òdo,
irú èyí tó ń sọ irun imú ẹni di abẹ́rẹ́.
Mo ti bọ́ bàtà yìnyín, mo ti wọ sílípáàsì,
mo ti po kọfí Lorne, ṣúgà mẹ́ta.
Dókítà ní kó má ju ẹyọ kan lọ.
Èmi kọ́ ni dókítà.

Èmi ni mò ń gbé fóònù.
Ẹ ò gbọ́ ohùn mi rí.
Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pe rédíò;
tiwa ń gbèsì, àmọ́ ẹni tí mo bá ṣílẹ̀kùn fún ni.
Iná mẹ́fà ń ṣẹ́jú níwájú mi.
"Kí lorúkọ yín? Níbo lẹ ti ń pè?
Ẹ yí rédíò yín sílẹ̀. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni."
Wọ́n á ní àwọn ò ní bú ẹnikẹ́ni.
Irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ tòní: ìjọba fẹ́ máa ti ẹ̀ka pàjáwìrì
ilé ìwòsàn Harrow Creek pa lálẹ́.
Nọ́ọ̀sì ò tó, owó ò tó.

Verna ló kọ́kọ́ wọlé, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin.
"Odile, ṣé o sùn dáadáa?" ló bi mí,
kó tó bọ́ sórí afẹ́fẹ́, tó ń gbaná jẹ:
wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, ẹ̀bi Ottawa ni!
Bí yìnyín bá pọ̀, ẹ̀bi Ottawa ni.
Bí yìnyín ò bá pọ̀, ẹ̀bi Ottawa náà ni.

Ọmọkùnrin kan láti Saskatoon ní
ẹni tó bá fẹ́ dókítà, kó kó wá sígboro.
Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná.

Lẹ́yìn náà, Bernadine Okemow, láti abúlé àwọn Cree:
"Ọdún kẹsàn-án rèé tí à ń se omi ẹ̀rọ wa ká tó mu ún."
Lorne ní, "Màmá, ilé ìwòsàn là ń sọ."
Ó dákẹ́.
"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."
Lórí rédíò, ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta,
òkú ló jẹ́ láàárín pálọ̀.
Lorne ò da aṣọ bò ó.
Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Mínísítà dé, ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ tútù.
Ó ní wọn ò ti ilẹ̀kùn kankan, àtúntò ni.
Ó ní ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀,
ìgbìmọ̀ míì yóò sì yẹ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà wò.
Ó pe "àwọn ará ìlú wa" lẹ́ẹ̀mọ́kànlá;
mo ń fi bírò fa ìlà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

Láti àárọ̀, láìnì kẹrin ń ṣẹ́jú.
Walter Hrycyk, àgbẹ̀.
Ohun tó sọ fún mi ò ju báyìí lọ:
ìyàwó mi. Kìlómítà mẹ́tàdínláàádọ́rin. Yìnyín.
Ó ní ọ̀rọ̀ òun ò gùn.
Mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú kọ̀ǹpútà Lorne: GBÉ KẸRIN.
Ó wò mí láti inú gíláàsì,
ó nàka sí aago.

"Bàbá Hrycyk, àkókò ti tán. Ẹ má bínú."
"Kò burú."
Mi ò gbé fóònù sílẹ̀. Òun náà ò gbé e sílẹ̀.
Kò yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀ rárá;
nínú kíṣìnì rẹ̀, tó fi ìṣẹ́jú àáyá méje rẹ̀yìn sí wa,
mínísítà ṣì ń dúpẹ́.
Ìròyìn wọlé. Ọ̀nà Moose Jaw ti dí.
Ó ní kí n dúró ná, kí òun gbọ́ iye kànólà.
Ó gbọ́ ọ. Ó mí kanlẹ̀.
"Ó ti já wálẹ̀," ló wí,
lẹ́yìn náà,
"Bàtà yìnyín rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.
Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn."

Láìnì kejì ń ṣẹ́jú, ìkarùn-ún, ìkẹfà.
Mo jẹ́ kí wọ́n máa ṣẹ́jú.