Aràn Tó Wọ Àrán

Lẹ́yìn ilé wọn ní Dunẹ́dìn, lábẹ́ igi jíjẹrà,
òjò Oṣù Keje tutù bí irin.
Ngaire ká èèpo igi kúrò, ó rí i:
aràn tó wọ àrán
(ohùn nìkan ló yà wọ́n),
ẹsẹ̀ rẹ̀ bùkùbùkù bí orí ọmú ajá,
ó ń rìn bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Níbi iṣẹ́ ló ti ń gé irú rẹ̀ ní pẹlẹbẹ,
ó tín-ín-rín ju awọ àlùbọ́sà lọ.
Ó ti mọ inú rẹ̀: okùn iṣan méjì,
ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
wọn ò sún mọ́ra, wọn ò kọra,
fọ́nrán wẹ́wẹ́ ló so wọ́n bí ẹsẹ̀ àkàsọ̀.
Ọpọlọ rẹ̀, ìpele méjì péré.
Aláǹtakùn ní mẹ́ta. Akàn ní mẹ́ta.
Ta ló bù kún un? Nígbà wo?
Ọ̀gá rẹ̀ ní, “Kò rẹ̀yìn o. Ọ̀nà tirẹ̀ ló gbà.”

Bàbá wà lórí àga onítáyà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.
Láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lórí wọn,
òsì kì í gbọ́ ohun tí ọ̀tún ń wí.
Ìpele mélòó ni tiwa?
Ibi tó já, ó já.

Aràn tu oje sí Ngaire ní àtàǹpàkò.
Ó sáré wọlé, ó fi í tẹ àtẹ́lẹwọ́ òsì Bàbá.
“Ó ń lẹ̀,” ni Bàbá wí.
Ngaire kò mọ̀
bóyá ojú ni wọ́n fi rí i.