Ìka Ò Dọ́gba

Wọ́n ní ìka ò dọ́gba.
Ti bàbá mi dọ́gba.
Ayùn ilé ìlagi kan lọ́nà Oǹdó ló gé mẹ́ta ba ara wọn
lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan: ó ń fọwọ́ gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò léyín ayùn,
iná tí wọ́n ti mú lọ láti àná dé lójijì.
Ọ̀gá rẹ̀ wá kí wa ní ọsibítù, pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì.
Ó ní ọwọ́ ayé ni.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ọwọ́ bàbá mi ni mò ń wò.

Ìyẹn ni mo ṣe lọ kọ́ iṣẹ́ ààbò,
iṣẹ́ tí ìyá mi ò tíì rí orúkọ pè fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.
"Ṣé ṣọ́jà ni? Àbí ọlọ́dẹ?"
Rárá, màmá. Èmi ni màá sọ fún wọn pé kí wọ́n dé akoto.
"Wọ́n ń sanwó fún ìyẹn?"

Oṣù mẹ́sàn-án, màmá ò jayò pa: wọn ò sanwó fún un.
Mo ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ẹ̀rí mi ní Arákàlẹ̀
títí ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe é fi mọ máàkì mi lórí.
Ní Alágbàká, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.
Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní Ẹtì wo.
Ní Ọ̀bà-Ilé, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún mi lómi tútù;
àṣé ẹni tí yóò máa bá wọn ka owó ni wọ́n ń wá.
Níbi ilé alájà mẹ́rin kan tí wọ́n ń kọ́ ní Ìjàpọ̀,
kọngílá wo bàtà mi tó nípọn, ó rẹ́rìn-ín:
"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ Jésù ló bo gbogbo wa níbí."
Mo ṣe àmín. Mo gbójú sókè.
Ọmọ kan dúró lórí pákó kan ṣoṣo, sílípáàsì lẹ́sẹ̀,
ó ru kọnkéré, ó ń súfèé.
Àmín náà há mi lọ́fun.

Ó wá ku Alàgbà Fágbàmígbé,
tó ń lagi, tó ń kan ilẹ̀kùn, lọ́nà Ìdànrè.
Ó ka ìwé mi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Bí mo bá gba káfíńtà, màá ka ilẹ̀kùn lálẹ́.
Bí mo bá gba ọlọ́dẹ, màá rí olè tó lé.
Ìwọ, bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀,
kí ni màá sọ pé o ṣe?"

Mo ti kọ́ ìdáhùn sórí láti ilé,
alákàn wà níbẹ̀, àti ojú tó fi ń ṣọ́rí.
Gbogbo rẹ̀ fò lọ.
Agolo apaná pupa ni mo ń wò,
èyí tí wọ́n gbé ti ilẹ̀kùn kó má baà pa dé.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lẹ yẹ ìyẹn wò kẹ́yìn?"
"Èwo? Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣé o ò rí i pé ilẹ̀kùn dúró?"
Mo dìde, mo gbé e, mo tẹ rọ́bà ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ sórí tábìlì:
ọmọńlé ti yé ẹyin méjì síbẹ̀.
Ilẹ̀kùn pa dé gbàgà lẹ́yìn mi.
Ayùn ń ké lẹ́yìn ògiri.
Baba wo ẹyin, ó pẹ́.
"Ọjọ́ Ajé, aago méje. Owó rẹ̀ ò pọ̀ o."
Kò sì pọ̀ lóòótọ́.

Ní báyìí, mo máa ń dúró lẹ́nu géètì láago márùn-ún.
Wọ́n ń juwọ́ sí mi, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Akoto,
wọ́n rò pé mò ń kí wọn ni.
Mò ń kà ni. Mẹ́wàá. Mẹ́wàá. Mẹ́wàá.
Mẹ́sàn-án: ti Akinbọ̀dé nìyẹn, ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó dé.
Mẹ́wàá.

Bàbá mi wà lójúde, ó ń fi ọwọ́ òsì bó ọsàn.
"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́?"
"Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, Bàbá."
Ó la ọsàn náà sí méjì, ó na ìlàjì sí mi.
"O kú iṣẹ́," ó wí. "O kú iṣẹ́ gan-an ni."