Àwọ̀ Bọ́tà

Òjò dídì ti ń yọ́ lórí òrùlé àwọn ilé pupa Łódź,
ó ń kán tó, tó, sínú garawa tí ẹnìkan gbàgbé sísàlẹ̀.
Kalina, ọmọ àbúrò mi, gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ mi,
ìwé alaworan kan wà lábíyá rẹ̀.
Ó ní, "Màmá Wiesława, ìgbà ìrúwé ti dé.
Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ jẹ́ kó mí."

Mo ní kí ni wọ́n ń wọ̀ lọ́dún yìí?
Ó ní àwọ̀ bọ́tà.
Ó ní ṣòkòtò tó fẹ̀ bí àsíá,
apá aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìgbọ̀nwọ́ ń hàn nínú rẹ̀,
gáùn tó kún fún àmì wínníwínní bí ìyẹ́ ẹtù.
Mo wo àwọn ọmọge inú ìwé náà lọ, wò wọ́n bọ̀,
kò sí ọ̀kan tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.
Ebi ló ń pa wọ́n ni, àbí bàtà ló há wọn lẹ́sẹ̀?

A ṣílẹ̀kùn. Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ jáde wá kí wa.
Lẹ́yìn rẹ̀, kóòtù:
dúdú, dúdú, dúdú, àti ọ̀kan aláwọ̀ eérú.
"Ta ló kú?" ni Kalina wí,
àfi bó ṣe rántí, tó fọwọ́ bo ẹnu.
Ọdún kẹta rèé tí Zenon ti lọ.
Mi ò mọ̀ pé aṣọ ọ̀fọ̀ máa ń bímọ nínú òkùnkùn.
Ó fẹ́ kó àwọn àkísà ìsàlẹ̀ dànù. Mo ní rárá,
ọmọdé lè láṣọ tó tèmi,
níbo ni yóò ti rí àkísà tó tèmi?

Èmi náà hunṣọ rí. Ọdún mọ́kàndínlógún
nídìí ẹ̀rọ kẹtàlá, níbi tí ariwo pọ̀ dé
tó jẹ́ ètè ara wa là ń kà.
Òdòdó la máa ń hun fún obìnrin tí a ò mọ̀,
oferóòlù búlúù la máa ń wọ̀ relé.
Ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti di ṣọ́ọ̀bù.
Níbi tí mo dúró sí gan-an
ni wọ́n ti ń ta ṣòkòtò tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fà ya,
owó rẹ̀ ju owó oṣù mi ayé ìgbà náà lọ.

Nítorí náà, ibòmíràn la gbà lọ.
Ọjọ́ Ajé ni òkìríkà tuntun máa ń balẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀ tíráàmù,
òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, bí ànàmọ́.
Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí àwọn ìyá àgbà ti tò,
ìgbọ̀nwọ́ wọn mú bí abẹ́rẹ́.
Kalina fa ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ kan yọ, inú rẹ̀ dùn.
Èmi ń fọwọ́ wò wọ́n lọ ní tèmi,
ìka ò gbàgbé iṣẹ́:
eléyìí òwú ni,
eléyìí irọ́ ni,
irọ́, irọ́, òwú.

Abẹ́ òkìtì ló wà, búláòsì kan, àwọ̀ bọ́tà.
Bọ́tìnnì kan ti já, abíyá rẹ̀ tú díẹ̀.
Mo yí inú rẹ̀ síta, mo wo etí rẹ̀:
okùn pupa méjì, funfun kan.
Ó lè jẹ́ tiwa.
Ó sì lè má jẹ́ tiwa, okùn pupa ò ṣọ̀wọ́n láyé.
Mi ò sọ fún Kalina.
Owó búrẹ́dì méjì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Lálẹ́, mo já bọ́tìnnì kan lára kóòtù Zenon,
mo rán an síbi tó ṣófo.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òjò dídì tún ti bọ́.
Oṣù kẹrin ò ṣe é fọkàn tán níbí.
Mo gbé kóòtù dúdú wọ̀ lórí búláòsì náà,
ṣùgbọ́n mi ò dé e tán lọ́rùn.

Kalina wò mí: bọ́tìnnì funfun mẹ́rin,
dúdú kan ṣoṣo láàárín wọn.
Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ́dún yìí."
Irọ́ ni.
Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.