Àyìn Kì Í Kánjú

Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, mo di sítóófù mi sínú páálí,
mo fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun.
Láti Jọ́ọ̀sì dé Ẹ̀gbẹ̀, orí itan mi ló wà.
Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi yá mi lára
nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í tì dáadáa.
Karosíìnì ni mo mọ̀: òwú mẹ́wàá, iná aláwọ̀ aró,
òórùn tó ń bá mi wọ ibi iṣẹ́, tó ń bá mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo sọ fún Mórohunmúbọ̀ pé ọyẹ́ ibí kò lè tó ti Jọ́ọ̀sì.
Kẹ́ẹ̀gì méjì tí mo gbé bọ̀ tán kí oṣù Ọ̀pẹ tó pé ìdajì.
Mo lọ sílé epo lójú ọ̀nà Odò-Ẹrẹ̀.
Ọmọ tó ń ta epo wo kẹ́ẹ̀gì mi, ó wo bàtà mi,
ó dárúkọ iye kan
tí mo fi bi í bóyá ilé epo náà ló fẹ́ tà fún mi.
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà. Ó fúyẹ́, ó sì wúwo.

Owóníyì, tí a jọ ka ìwé kẹfà, rí mi lójú títì.
"Òkun o, ará Jọ́ọ̀sì."
Kò tún bi mí ní nǹkan kan. Ó na àáké sí mi.
A gba ẹ̀yìn àpáta lọ sí oko bàbá rẹ̀.
Ó ń nàka sí igi bí ẹni ń fi mọ̀lẹ́bí han àlejò:
Èyí ni ẹmì, má fọwọ́ kàn án, àwọn obìnrin ń ṣa èso rẹ̀.
Èyí ni ayan, a kì í fi í dáná nílé wa.
Àràbà yìí? Ó kàn tóbi ni;
bí o bá fi dáná, wàá fẹ́ ẹ títí ojú á fi pọ́n.
Ó wá fi ẹ̀yìn àáké lu ọ̀kan tó ti ṣubú látọdún ìjì.
Ó dún bí irin.
"Àyìn nìyẹn. Àyìn kì í kánjú."

Lọ́jọ́ kìíní, àáké fò kúrò lọ́wọ́ mi bí adìyẹ.
Lọ́jọ́ kejì, mo la ẹyọ mẹ́ta, àtẹ́lẹwọ́ mi bó.
Ọjọ́ kẹrin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú ibi tí igi ń gbà là.
Mórohunmúbọ̀ dáná lẹ́yìnkùlé,
ó fi àpáàdì kó ògúnná wọlé,
ó ṣí fèrèsé díẹ̀, ó ní kí èémí rí ọ̀nà.
Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí o bá fọwọ́ tú eérú,
iná ṣì ń pajú sí ọ nísàlẹ̀.
Adìyẹ ti yé ẹyin márùn-ún sínú páálí sítóófù.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, igi tán.
Ètè wa là. Omi inú ìkòkò ń ta ni léyín.
Odó ìyá mi wà nígun ilé, ó ti sán láti ẹnu dé ìdí,
kò gba iṣu mọ́ látọjọ́ tí ìyá ti lọ.
Mo gbé àáké. Mo tún gbé e sílẹ̀.
Mórohunmúbọ̀ ti fi aṣọ bo etí lórí ibùsùn, ó ní:
"Bí ẹ bá là á, ẹ̀yin lẹ máa kó eérú rẹ̀."

Sítóófù kì í ní eérú.
Ohun tí mo fi ń yáná ní Jọ́ọ̀sì, n kò mọ ilẹ̀ tó ti wá,
n kò mọ ẹni tó jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀ rí.

Mo dojú odó dé, mo jókòó lé e,
mo na ọwọ́ sórí àpáàdì tó ń kú lọ,
títí Owóníyì fi kan ilẹ̀kùn ní ìdájí,
ìdì igi lórí, imú rẹ̀ ń dà:
"Mo wo ẹ̀yìnkùlé yín, n kò rí èéfín."