Èwo Ló Wù Ọ́ Jù?

Lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, láì tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù,
mo ti wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àdátán
níbi tí Tíṣà Ṣóníbárẹ́ ti ń kọ́ àwa mọ́kànlá
bí a ó ṣe máa sọ ohun tó wù wá fún àjèjì.

"Tó o bá ti lo pirifáà," ó ní, ṣọ́ọ̀kì kún apá rẹ̀,
"tú ni kó tẹ̀ lé e. Má fi dáàn sí i láéláé.
Bẹ́tà ló ń gba dáàn. Ráda náà ń gbà á.
Ẹni tó bá sọ mọ́ọ̀ bẹ́tà níwájú mi,
ìta ni yóò ti parí ẹ̀kọ́ tòní."
Kó tó panu dé, Látìfá ará Kéèsì ti sọ ọ́.
Ó jáde lóòótọ́. Ó lọ ra búrẹ́dì wá fún wa.

Nílé tiwa, ju kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀:
mo fẹ́ràn láfún ju ẹ̀bà lọ,
Ìtòkò tutù ju Àdátán lọ,
ẹ̀gbọ́n mi ga jù mí lọ,
ọ̀rọ̀ parí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo rò, títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀
tí mo ń fọ ojú egbò Bàbá Ṣógúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kẹfà.
Dókítà bi í: ká gé ẹsẹ̀ yìí, àbí ká ṣì máa wò ó?
Bàbá tẹjú mọ́ àjà títí.
"Ẹ gé e.
Kò wù mí o. Ó kàn sàn ni."

Òwú wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè fi nu nǹkan kan.
Ta ló sọ pé ẹyọ kan ni tiwa?
Ọkàn ni wù ti ń wá. Ìṣirò ló ń bí sàn.
Yá wà fún ẹni tí méjèèjì korò lẹ́nu rẹ̀,
kúkú sì wà fún ẹni tó ti rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Tíṣà bi mí
bí àwọn tó máa dán mi wò ṣe máa bi mí:
ìlú rẹ ni, àbí ìlú òkèèrè?
Mo fi Abẹ́òkúta ṣáájú, tú dúró sí àyè rẹ̀,
mo sọ tọ̀hún sẹ́yìn.
"Ó pé!" ó ní.
Páálí ìrìnnà mi wà nínú báàgì, lábẹ́ àga.

Mo wá rántí ju. Òun náà la fi ń ju òkò.
Bóyá nítorí ẹ̀ la ṣe ń fi lọ kún un:
ọ̀kan dúró lọ́wọ́,
èkejì lọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Òrùn ti mú àwọn páànù ìpẹtà
títí dé etí odò Ògùn lọ́hùn-ún.
Màámi pè: "Láfún ni kí n rò dè ọ́, àbí ẹ̀bà?"
Mo ní, "Èyí tó bá yá."
"Oúnjẹ kan kì í jẹ́ èyí-tó-bá-yá.
Èwo ló wù ọ́?"

Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Ó ṣì ń pè, "Hẹ̀lóò? Hẹ̀lóò?"