Àmì Ara Àjà

Akunlé ti kun gbogbo yàrá tán ní Òkè-Àpọ̀mù,
ó dé ilé ìdáná, ó gbójú sókè,
ó ní, "Ìyá Mùníbátù, kí lèyí?"
Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wàhéèdì ló fi síbẹ̀, lọ́dún tó ti Bàsítà dé
pẹ̀lú àpò súgà kan àti agolo mílíìkì aládùn mẹ́ta,
tó ní ọ̀gá òun kan ló kọ́ òun:
"Se agolo yìí nínú omi, má ṣí i,
yóò di oyin fúnra rẹ̀."

Ó tan sítóòfù, ó yí iná sókè dé òpin.
A wà ní pálọ̀, à ń jiyàn
lórí orúkọ tí a ó sọ oyún inú mi.
Omi gbẹ.
Ohun tí a gbọ́ dún bí ìbọn ọdẹ.
Oyin lára ògiri, oyin nínú irun mi,
oyin ní àjà, tó ń kán tó, tó, tó
sórí ìdérí ìkòkò.
Wàhéèdì na ìka sí ògiri, ó lá a,
ó ní, "Ó kúkú ti jinná."

Ọdún kẹsàn-án rèé tí ilẹ̀ ti gbà á.

Mùníbátù wá fi ìkòkò kan ránṣẹ́ láti Jẹ́dà,
ìkòkò oníná tí kì í kánjú,
tó ń se nǹkan bí ẹni ń ka tẹ̀súbà.
Ó ní kí n máa fi se ẹran tó bá yi.
Mo ní mo ti gbọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún ààwẹ̀, lẹ́yìn àṣámù,
mo da mílíìkì sínú ìgò méjì,
mo dé wọn pinpin, mo rì wọ́n sínú omi,
mo yí i sí ibi tó kéré jù.
Mo jókòó tì í.
Wákàtí kan, funfun.
Wákàtí méjì, funfun bí aṣọ ìkírun.
Mo tòògbé lórí àpótí, mo jí,
ó ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí eyín arúgbó tó ń jobì.

Aago kan ààbọ̀, wọ́n mú iná lọ.
Fáànù dákẹ́. Ajá Alááji Gíwá gbó lẹ́ẹ̀kan.
Mo wo ìkòkò Jẹ́dà, mo ní, ìwọ náà ti ṣe tìrẹ.
Mo wa èédú, mo fẹ́ ẹ,
mo gbé ìkòkò irin ìyá ọkọ mi kaná,
mo tẹ́ àkísà sí ìdí rẹ̀ kí ìgò má baà sán,
mo fi eérú bo ẹyin iná kó má baà gbójú.
Bí omi bá ti ń fà, mo ń bu gbígbóná kún un.
Ta ni yóò sọ fún mi ohun tí omi gbígbẹ lè ṣe?

Àwọn ọmọ ajísààrì lu páànù kọjá.
Ará ilé jẹ tùwó wọn. Mo jẹ tèmi lóòró,
ojú mi ń bẹ lára ìgò,
títí ó fi di àwọ̀ ara àjà gan-an.
Mo yọ ọ̀kan, mo ṣí i.
Òórùn rẹ̀ jáde bí ẹni tó ti wà nílé tipẹ́
tí a kò mọ̀.
Mo ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Ó fà, ó fà, kò já.
Ṣíbí ti dé ètè
nígbà tí ládàánì na ohùn sí àsùbáà.

Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, ẹnu pípadé.
Mo dá ṣíbí padà.

Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn omi àti dàbínù,
mo fi lẹ màsà, mo há a káàkiri agboolé.
Ọmọ kékeré kan ní oyin igbó wo nìyí.
Mo ní mílíìkì ni. Kò gbà.
Ó dùn. Ṣùgbọ́n mi ò ní í purọ́ nínú ààwẹ̀:
èyí tó jóná díẹ̀,
tó ní ẹfun ògiri nínú,
ló dùn jù.

Ìgò kejì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
Mi ò tíì ṣí i.