Ẹlẹ́rìí Oṣù Mẹ́rin

Inú ìgò kékeré kan ni Pélàgí wà láàárọ̀ yìí,
ẹ̀gbọ́n mi, aránṣọ abẹ́ òkè Ṣábẹ̀ẹ́.
Mo kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n:
obìnrin, ọdún mọ́kàndínlógójì.
Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

Nígbà ọyẹ́, ó ní ooru ń mú òun
lóru tí gbogbo wa ń fa aṣọ bora.
Ó ń jẹun bí ẹni tó ń bọ́ méjì,
ìró sì ń tú nídìí rẹ̀ lójoojúmọ́.
Òwú kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́.
Ó ju àlùmọ́gàjí lu ògiri nítorí ọ̀rọ̀ iyọ̀ lásán,
ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, kí omi tó hó lórí iná.
Ọkọ rẹ̀ ní: ìwà ni.
Ìyá ọkọ ní: ọwọ́ ayé ni.
Èmi náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí,
mo ní kó lọ tọrọ àforíjì.

Ọrùn rẹ̀ dán, kò yọ gẹ̀gẹ̀.
Ta ni ì bá fura sí ẹṣẹ́ kékeré tó fara pamọ́ sí ọ̀fun,
tó ń koná láìdáwọ́ dúró?

Wọ́n fún un ní oògùn ní Paraku. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi lò ó,
àyẹ̀wò omi ẹ̀jẹ̀ sì padà wá: kò sí nǹkan kan.
Ọkọ rẹ̀ ká bébà náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò.
“Ṣé ẹ ti rí i?”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òní ni omi ẹ̀jẹ̀ ń sọ.
Àlejò àná ni, kò mọ ìjà tó ti wáyé nílé.
Àwọn pupa ni mo fẹ́ bi léèrè.
Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti bí wọn,
ọgọ́fà ọjọ́ ni wọ́n ń lò láyé,
ohun tí wọ́n bá nílé lọ́jọ́ ìbí
ni wọ́n ń rù kiri títí dọjọ́ ikú.
Iṣu tí ọ̀dá ti mú lóko,
ẹ bá a bomi rin ín lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ wà á,
ṣé yóò sanra?

Mo fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo là wọ́n,
mo wọn iṣẹ́ tí ẹ́ńsáìmù inú wọn lè ṣe.
Ó kéré. Alágbàṣe mẹ́ta lóko ènìyàn mẹ́wàá.
Iná lọ, iná dé, mo tún un wọ̀n.
Nọ́ńbà kan náà.

Oṣù mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ:
òru tí o kò sùn,
àyà tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé,
àlùmọ́gàjí náà pàápàá.

Mo kọ èsì fún dókítà.
Kò sí àyè fún ẹ̀bẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù.

Nírọ̀lẹ́ mo gun alùpùpù lọ sílé rẹ̀.
Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kakí ọmọ ilé-ìwé kan lórí itan,
òwú lẹ́nu.
Mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n bá a fi òwú sí i.
Ọwọ́ tèmi náà ń gbọ̀n.